Ohùn Jangolófà

"Èwo ni tiyín nínú wọn?"

Obìnrin tó bi Télọ̀ ní ìbéèrè yìí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ó pọn ọmọ kan sẹ́yìn, ó fa ìkejì lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí àlejò tí wọ́n gbà dáadáa. Télọ̀ wo gbogbo pápá náà yíká bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ọmọ kún orí òkìtì iyanrìn. Ọmọ kún orí àwọn táyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ìdajì. Àwọn tó ń dúró de jangolófà ti tò bí ẹni tó fẹ́ pọn omi ẹ̀rọ. Kò sí tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wò.

"Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù," ló fi dáhùn. "Ó ń bọ̀."

Irọ́ funfun báláú ni. Àdàbà kò bọ̀ níbì kankan. Láti àárọ̀ ló ti wọ abẹ́ tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ, ó jókòó sáàárín àjákù aṣọ. Télọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó fà á lọ́wọ́, ọmọ náà sọ ara rẹ̀ di àpò sìmẹ́ǹtì, kò ṣeé gbé. Níkẹyìn, Màmá Àgbà, ìyá tó bí Télọ̀, ní kó fi ọmọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kó lọ dá àwọn àlejò lóhùn. Ó lọ. Ó ń kí wọn káàbọ̀ síbi tí wọ́n torí Àdàbà kọ́, Àdàbà nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Màmá Àgbà ló sọ ọmọ náà ní Àdàbà. Ọmọ ọdún méje ni, kì í sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì pè é lórúkọ, àfi bí ẹni pé ògiri ni wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá dùn, ó máa ń kùn nínú ọ̀fun bí ẹyẹ. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ọ̀nà ló ń gbé ju ilé lọ, nítorí náà lọ́rùn ìyá àti ìyá-ìyá ni ìtọ́jú rẹ̀ wà.

Ohun kan ṣoṣo ni Télọ̀ ń fẹ́ láyé, kò sì jọ nǹkan ńlá lójú ẹni tó ti ní in. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò a máa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà láti pe ara wọn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé ó wà nílé? Ká lọ ṣeré." Wọ́n á pè nílé ọ̀tún, wọ́n á pè nílé òsì. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Télọ̀, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á sì kọjá. Ó sì ti pẹ́ tó ti mọ èsì tí òun máa fọ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá yà: "Ó wà nílé. Ẹ dúró dè é, kó wọ bàtà." Nígbà mìíràn tó bá ń lọ aṣọ, á máa sọ ọ́ sábẹ́ ètè, á máa gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ebi oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń pa èèyàn.

Bí pápá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ní ariwo nínú. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀, onílé sì yọ̀ǹda rẹ̀. Télọ̀ àti Bọ̀dá Wẹ́dà, tí ọmọkùnrin rẹ̀ kì í lè jókòó síbì kan, àti nọ́ọ̀sì kan, tí ọmọ tirẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, ni wọ́n jọ ṣán an. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti mọra, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti máa ń jókòó láìwo ojú ara wọn. Wọ́n rì táyà, wọ́n da iyanrìn, wọ́n fi wáyà ṣe ọgbà onílẹ̀kùn yí i ká. Ní igun kan, wọ́n kan ahéré pákó kékeré fún ọmọ tí ariwo bá sú, kó lè wọlé lọ sinmi, kó sì jáde nígbà tó bá wù ú. Wẹ́dà jó páìpù pọ̀, ó fi ṣéènì so àga méjì kọ́ sára rẹ̀, ó di jangolófà.

Jangolófà yìí ni Àdàbà yàn láàyò. Á gùn ún ní ìrọ̀lẹ́, á tẹra mọ́ ọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, á máa kùn. Télọ̀ á máa wò ó láti ojú fèrèsé. Inú rẹ̀ á dùn, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sẹ́ni lórí àga kejì.

Òun ló wá ronú pé bí àwọn ọmọ àdúgbò kò bá wá pe ọmọ òun, òun á pè wọ́n. Ó wọ ilé dé ilé. Ó ní pápá náà kì í ṣe ti ọmọ tiwọn nìkan, ti gbogbo ọmọ ni. Àwọn èèyàn gbà. Bàbá Tíṣà, olùkọ́ àtijọ́ tí ilé rẹ̀ fara ti ọgbà náà, gbà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní àlàyé nínú.

"Màá jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi wá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí irin yín yẹn. Bí mo bá sùn lọ́sàn-án, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ayùn rẹ́ mi lágbárí."

Òótọ́ ni, jangolófà náà ń han. Bó bá lọ, á ní kíì, bó bá bọ̀, á ní kọ̀ọ̀. Ojú ti Télọ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan sọ. Ó ní kí Wẹ́dà fi gírísì sí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí àlejò máa dé, Wẹ́dà gun àkàbà, ó kun gbogbo ìsopọ̀ irin náà, ó tún fi ọ̀dà búlúù kun páìpù. Ó ti àga náà. Kò dún rárá.

"Ẹ rí i? Ó ń lọ bí afẹ́fẹ́," ni Wẹ́dà wí, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àdàbà gun àga rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tì í. Ó dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè wo ṣéènì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ilé lọ. Ìyá rẹ̀ rò pé òórùn ọ̀dà ni kò bá a lára mu.

Bí Sátidé yẹn ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí èrò túká, Wẹ́dà wá bá Télọ̀ níbi tó ti ń palẹ̀ àga mọ́. Ojú rẹ̀ kò dùn mọ́.

"Ìyá Àdàbà, ọmọ tèmi gba abẹ́ wáyà sá jáde. Ọmọ nọ́ọ̀sì wọ ahéré lọ, wọ́n ń gbá pákó lé e lórí, wọ́n rò pé bojúbojú la kọ́ ọ fún. Tiyín ò tilẹ̀ wá. A kọ́lé tán, àlejò ló ń gbé e."

"Wọn ò tíì mọ̀ ni. A ó ṣàlàyé fún wọn."

"Ta ni kò tíì mọ̀? Èmi àti nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́. Màá mú àgádágodo wá. Kí ọmọ tó níbi tó lè ṣeré sí máa ṣeré níbẹ̀, kí tiwa ní ibi tiwọn."

Télọ̀ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Wẹ́dà kò ṣeé já ní koro. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn pa, àga kejì á ṣófo títí láé, kò sì sí ọmọ tí yóò tún ní ìdí láti pe Àdàbà.

"Ẹ fún mi di Sátidé tó ń bọ̀," ló wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ yẹn ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Wẹ́dà mi orí. Ó ní kò burú.

Màmá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń tú òwú ìránṣọ tó ta kókó. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ni. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn," ló wí. "Tìẹ ń bẹ lábẹ́ tábìlì, ìwọ ń ti ọmọ olọ́mọ lórí àga."

"Màmá, mi ò fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí wọ́n wá pè é ni."

"Kí wọ́n pè é lọ síbo?"

"Síbikíbi. Kí wọ́n ṣáà dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kí wọ́n ní àwọn ń wá a. Bí wọ́n ṣe ń wá ọmọ tó kù. Ó ń wù mí, Màmá. Ó ń wù mí débi pé mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀."

Màmá Àgbà kò tún pa òwe mọ́. Ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó nu eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láàárín ọ̀sẹ̀ ni ojú Télọ̀ là. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, iṣẹ́ ti wọ́ jọ, kò sì rójú ro epo sí máṣíìnì rẹ̀. Nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, á ní kíì, bó bá gbé ẹsẹ̀, á ní kọ̀ọ̀. Àdàbà yọ jáde lábẹ́ tábìlì. Ó rá wá sí ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin tútù náà, ó ń kùn.

"Bá mi wá epo sí nǹkan yìí," ni Màmá Àgbà wí. "Ó ń gún mi létí."

Télọ̀ mú agolo epo, ó ro ó sí i, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ariwo náà lọ. Àdàbà dúró díẹ̀. Ó fi ìka kan irin, ó tún kàn án, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí. Lẹ́yìn náà, ó padà sábẹ́ tábìlì.

Télọ̀ ti rí èyí rí, àìmọye ìgbà. Ó ti rí i ni, kò tíì wò ó. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ. Ó rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ tó fi ń yọjú lójú fèrèsé. Jangolófà á ní kíì, Àdàbà á kùn, jangolófà á ní kọ̀ọ̀, Àdàbà á tún kùn. Òun ti rò pé ọmọ náà ń dá kùn ni. Wọ́n jọ ń kọrin ni. Nǹkan kan wà láyé tó ń dá ọmọ òun lóhùn, òun ìyá rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́, nítorí kí àlejò má bàa sọ̀rọ̀.

"Màmá, èmi ni mo lé ọmọ yìí kúrò nínú pápá."

"Ṣebí o ní ọ̀dà ni."

"Gírísì ni."

Kò dúró ṣàlàyé. Ibi iṣẹ́ Wẹ́dà ló gbà lọ. Wẹ́dà ń jó férémù ilẹ̀kùn kan, ọmọ rẹ̀ ń sáré yí ṣọ́ọ̀bù náà po, bó bá ti kọjá níwájú, bàbá rẹ̀ á pa iná títí yóò fi lọ. Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ ẹsẹ̀ gbé, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá.

"Ẹ bá mi yọ gírísì yẹn kúrò lára jangolófà," ni Télọ̀ wí.

Wẹ́dà ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. "Ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Kó máa dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀."

"Ìyá Àdàbà, láti ọjọ́ tí mo ti ń jórin, àwọn èèyàn máa ń bẹ̀ mí kí n bá wọn dá ariwo dúró. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí rí pé kí n bá òun dá a padà." Ó ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n nígbà tí Télọ̀ sọ ohun tó rí nídìí máṣíìnì, àwàdà náà tán lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tún sáré kọjá, ó sì fi ojú bá a lọ. "Kẹrosíìnì la ó fi fọ̀ ọ́," ló wí. "Màá máa yẹ irin rẹ̀ wò kí ìpẹtà má jẹ ẹ́. Àmọ́ Bàbá Tíṣà ńkọ́?"

"Èmi ni màá lọ bá wọn."

Bàbá Tíṣà wà lórí àga gbọọrọ níwájú ilé, ó ń gbọ́ rédíò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń to òkúta. Oníbéèrè ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, ẹni tó bá sì ti bá a jókòó rí kò ní bèèrè ìdí.

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín."

"Bẹ̀ ẹ́, mò ń gbọ́."

"Ariwo irin yẹn, mo fẹ́ kó padà."

Bàbá Tíṣà pa rédíò. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í wò ó. "Ṣé ara rẹ yá?"

Télọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ ti máṣíìnì, ó sọ ti ṣéènì, ó sọ ti abẹ́ tábìlì. Oníbéèrè ti dáwọ́ òkúta dúró.

"Ṣé orin rẹ̀ ni?" ni ọmọ náà bèèrè.

"Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀," ni Bàbá Tíṣà wí.

"Ṣùgbọ́n ṣé orin rẹ̀ ni, Bàbá?"

"Orin rẹ̀ ni," ni Télọ̀ dá a lóhùn.

"Ṣé ìdí nìyẹn tí kì í fi í yíjú bí mo bá pè é?"

Télọ̀ yíjú sí i pátápátá. "O ti pè é rí?"

"Mo máa ń pè é, mà. Láti ara wáyà, tó bá wà lórí àga. Mo ti pè é títí. Mo rò pé kò fẹ́ràn mi ni, mo bá dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Télọ̀ lára. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú, ẹ̀yìnkùlé ni ẹnìkan ti ń pe ọmọ rẹ̀, tí kò rí èsì, tó sì fi ìbànújẹ́ padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé.

"Ó fẹ́ràn rẹ," ló wí. "Orúkọ ni kì í dá lóhùn. Má bínú sí i."

"Kí ló wá ń dá lóhùn?"

Télọ̀ ronú sí i, nítorí ìbéèrè gidi ni. "Ìró irin yẹn," ló wí. "Òun nìkan ni mo mọ̀."

Bàbá Tíṣà wúkọ́. Ó dájú pé kò fẹ́ kí wọ́n rí i bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ rọ̀. "Ìyá Àdàbà, mi ò ní parọ́ fún ọ, mi ò fẹ́ràn ariwo yẹn," ló wí. "Ṣùgbọ́n etí òsì mi yìí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Òun ni màá máa kọ sókè bí mo bá ń sùn."

Wẹ́dà fọ irin náà, ó nù ún, ó tì í wò. Kò dún. "Irin tó ti mu gírísì yó kì í tètè gbàgbé," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí òjò pa á ná, kí oòrùn sì sá a." Òjò pa á. Oòrùn sá a. Àwọn ọmọ ń gùn ún lójoojúmọ́, kò sọ nǹkan kan, Àdàbà kò sì jáde. Télọ̀ na etí sí ẹ̀yìnkùlé débi tó fi rán apá aṣọ kan sódì, tó ní láti tú u. Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì.

Sátidé dé. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ mà," ni wọ́n wí fún Télọ̀.

"Òo, ẹ ṣeun."

Wọ́n kọjá lọ pe ọmọ ilé kejì. Lẹ́yìn wọn ni Wẹ́dà wọlé, àgádágodo ń fì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti di Sátidé," ló wí.

"Mo mọ̀."

Wẹ́dà jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí kò kánjú. Ó hàn pé kò wu òun náà láti dìde lọ ti ilẹ̀kùn ọgbà náà. Màmá Àgbà ń to bọ́tìnnì sínú agolo. Télọ̀ tẹ máṣíìnì rẹ̀, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni nǹkan kan dún lẹ́yìn ilé. Kò le. Kíì.

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, kó lè dá a lójú pé máṣíìnì náà kọ́ ló ń dún. Kọ̀ọ̀. Àjákù aṣọ mì lábẹ́ tábìlì. Orí Àdàbà yọ.

Télọ̀ lọ sójú fèrèsé. Kò sẹ́ni lórí àga náà. Oníbéèrè dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti àga òfìfo lọ, ó ń gbà á bọ̀, kò sì wo àga. Ojú ṣọ́ọ̀bù ló kọjú sí. Ọmọ kan fẹ́ gùn ún, ó fi ìgúnpá dá a dúró.

"Ní sùúrù ná," ló wí. "Mò ń pe ẹnìkan."

Láti ìgbà tí Télọ̀ ti ń tọ́jú èsì yẹn, kò rò ó rí pé yóò nira láti sọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ó wà nílé," ló ké sí i. "Ẹ dúró dè é, kó wọ..."

Àdàbà gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ lásán, ó ń kùn.